Bí Mo Ṣe Rán Tòbí ní Kubwa

Ìyá ọkọ mi ló kó mi sí i. Wọ́n wá kí wa ní Kubwa, l’Ábújá, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń to ìró àti bùbá tí ọmọ mi máa fi ṣe ìyálọ́jà nínú eré ọjọ́ àṣà ilé ìwé wọn. Màámi wò ó títí. “Ìyàwó, ìyálọ́jà tí ò ní tòbí, níbo ló ń kówó sí?”

Tòbí ni aṣọ alápò tí obìnrin máa ń so mọ́ ìdí kó tó ró ìró lé e. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ télọ̀ jẹun, mi ò rán an rí. Mo fa sátíìnì funfun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ yọ, mo rán an wéré. Ọmọ ró ìró lé e, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ìró ti ń yọ̀ bọ́. Ẹ̀rín pa Màámi. Wọ́n ní kíjìpá ni tàwọn ìyá wọn, òwú tí obìnrin fọwọ́ ran, tó tún hun lórí òfì tí wọ́n gbé dúró ti ògiri. Ó nípọn, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, kì í jẹ́ kí ìró sá.

Mi ò rí kíjìpá lọ́jà Wuse. Aṣọ òwú funfun táwọn Hausa fọwọ́ hun ni mo bá lọ́wọ́ bàbá kan, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ bíi aṣọ òkè wa. Mo dá iye kan, ó ní “albarka”, ìyẹn ni pé kò gbà. Mo fowó lé e.

Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí n tó gé e. Ó súnkì tó ìka mẹ́ta! Mo wọn ìbàdí ọmọ, mo gé e ní ìlọ́po méjì rẹ̀, kó lè ṣùjọ tí okùn bá fà á. Mo ṣẹ́ etí òkè, mo rán an, mo fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Mo fẹ́ fi rọ́bà sí i, Màámi kọ̀: “Rọ́bà á já mọ́ ọn lọ́jà.” Wọ́n jókòó, wọ́n lọ́ okùn òwú lórí itan wọn. Mo so ó mọ́ pẹ́ńsùlù, mo fi tì í gba inú etí aṣọ náà já.

Àpò ló fún mi níṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n ní kí n tú u. Iwájú ikùn ló ń wà, kí olè tú ìró kó tó débẹ̀. Ìdí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán an, torí kí náírà tó dé ní 1973, sílè onírin ló ń wúwo níbẹ̀.

Ọmọ ṣeré rẹ̀ tán. Tòbí ò sí nílé mi mọ́: Màámi tú okùn rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, owó ọkọ̀ wọn wà nínú àpò.