Bí a ṣe ń gba ilẹ̀ fún iná sólà abúlé láìdá ìjà sílẹ̀

Ilẹ̀ tí wọ́n ń to pánẹ́ẹ̀lì sólà sí fún odidi abúlé kì í pọ̀. Àwọn tó lè dìde lórí rẹ̀ ló ń pọ̀: ẹbí tó ni ín, àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀, àti àbúrò olórí ẹbí tó wà l'Ékòó, tí kò gbọ́ nǹkan kan títí ẹ fi da kọnkéré.

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pe ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ọjọ́ ọjà wọn ná. Ìpàdé tó bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà, àwọn ọkùnrin nìkan ni yóò jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ alátarodo àti ẹni tó ń ta omi tútù náà fẹ́ mọ iye tí iná yóò jẹ́. Ìlànà NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbà kí ilé-iṣẹ́ àti abúlé jọ dúnàádúrà iye yẹn, bí ìdá 60 nínú 100 àwọn oníbàárà bá fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ lẹ́yìn olórí ẹbí, ilé ẹjọ́ kò kà á sí títà rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn ìdí-igi yòókù lè ní kí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e. Torí náà, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni kó fi aṣojú sílẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ yá ilẹ̀ náà dípò kí ẹ rà á: ẹbí tó ń gbowó lọ́dọọdún kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí wáyà.

Kí sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó sì wádìí bóyá ìjọba ti gbà á. Ẹ sá fún abẹ́ wáyà ńlá. Mítà 50 ni fífẹ̀ àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wáyà 330 kV (kV ni wọ́n fi ń wọn agbára iná inú wáyà), mítà 30 ni ti 132 kV.

Kíka igi ló ń gba sùúrù. Ẹ mú ọ̀dà pupa dání, kí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣíwájú. Igi tí ẹ bá ti kà, ẹ kọ nọ́ńbà sára rẹ̀: kòkó tó ti ń so lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ́tọ̀, obì, ọ̀pẹ. Ẹ bèèrè bóyá sàréè wà níbẹ̀. Owó gbà-má-bínú igi, ọwọ́ ẹni tó gbin igi ni kó bọ́ sí, kó má gba ọwọ́ olórí ẹbí kọjá.

Ẹ ka ìwé àdéhùn sókè ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ fún ìfọwọ́sí, bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á kalẹ̀ fún ilẹ̀ ìgbèríko. Ìgbà náà ni kí ẹ tó já bulọ́ọ̀kù sílẹ̀.