Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwa Tí A Ń Pariwo Géèmù Oníjà

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tán tí fóònù mi fi dún. Bàbá Ṣeun, alága àwa ayálégbé ọgbà wa ní Kubwa, ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí WhatsApp: "Ẹ̀yin òbí, ẹ jí! Géèmù tí àwọn ọmọ yín ń ta ni yóò sọ wọ́n di apààyàn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ogún kó tó di ọ̀sán." Kí n tó fọ ẹnu, àwọn mẹ́rìnlá ti dáhùn "Àmín", bẹ́ẹ̀ kò sí àdúrà kankan níbẹ̀.

Títúmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá ni mo fi ń jẹun ní Àbújá láti ọdún mọ́kànlá, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ará ìlú. Èmi náà ti ka irú ìkìlọ̀ yìí lórí rédíò rí, ohùn tí mo fi ń ka ìkéde òkú ni mo fi kà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n ṣe. A ó ti dá ìpayà tó jíire sílẹ̀, a ó tún fi àṣìṣe kékeré bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ pariwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún ìwọ̀nyí.

Ẹ má lọ wo géèmù náà

Èyí ló burú jù. Èmi ṣe é, ó sì bà mí lọ́jọ́ jẹ́. Nígbà tí mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá Ṣeun, mo gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí ọmọ mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sá lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń retí. Yàrá kan tí kò ju ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ ni mo bá, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tó kọ̀ jálẹ̀, àti ọmọkùnrin mẹ́sàn-án lórí bẹ́ńṣì. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí wọn. Rọ́bà orí páàdì kan, ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù, ti jẹ tán, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù wé e. Ẹni tí páàdì yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ ti mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù òun kò ní lè yà sí ọ̀tún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. "Wallahi, na ci!" (mo ti gbá a wọlé!) ni ọmọ Hausa kan ń pariwo, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Ìjà ṣẹlẹ̀, n kò ní purọ́. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, ayò jẹ́ 3–1, ni iná bá lọ. Ẹni tí wọ́n ń nà ní àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹni tó ń nà án ní òun ti borí. Ni wọ́n bá dì mọ́ra wọn láṣọ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Ọ̀fà kan tí Hausa ẹnu rẹ̀ ju ti àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ, rọra fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun mú igba náírà wá. Ibẹ̀ ni ìjà parí sí.

Ẹ wò ó, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn kọ? "Ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù, iná lọ." Kò sí olóòtú tó máa gbà á lọ́wọ́ mi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1976, géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Death Race, ariwo sì sọ pé ó ń kọ́ ènìyàn láti máa fi mọ́tò pa aráyé. Ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀rọ náà, àwòrán dúdú àti funfun ni yóò rí, ọkọ̀ tó dà bí ègé páálí, àtàwọn ènìyàn tí wọ́n fi ìlà bí igi ìṣáná yà. Bí ọkọ̀ bá kọ lu ọ̀kan, àgbélébùú á yọ síbẹ̀. Àwọn tó ṣe é tún ní iwin ni wọ́n, wọn kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rù wo ni yóò kù lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi yín pé ta ni kò mọ ìyàtọ̀

Ọ̀rọ̀ tó dùn jù lẹ́nu wa ni pé ọmọdé kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin géèmù àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sáré kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà rántí 2011. Lọ́dún yẹn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan jáde nípa Gaddafi, olórí Líbíà, àtàwọn ọmọ ogun IRA tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní Northern Ireland. Wọ́n fi àwòrán hàn níbi tí IRA ti ń já hẹlikópítà bọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíìmù IRA ti 1988 ni. Inú géèmù Arma 2 ni wọ́n ti mú un. Ofcom, tó ń ṣọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, dá wọn lẹ́bi.

Ní 2012, BBC ń ka ìròyìn tó kan Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àmì tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń kà á, ti àwọn ọmọ ogun òfurufú inú géèmù Halo ni. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, UNSC, ni wọ́n fi ń gé orúkọ àwọn méjèèjì kúrú, òun ló tàn wọ́n jẹ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti 2017: ilé iṣẹ́ ètò ààbò Rọ́ṣíà gbé fọ́tò jáde pé ẹ̀rí tí kò ní àríyànjiyàn rèé pé Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn àwọn agbésùnmọ̀mí ISIS. Géèmù orí fóònù ni wọ́n ti gé ọ̀kan nínú fọ́tò náà. Nígbà tó fi máa di 2022, àwòrán Arma 3 tí àwọn ènìyàn ń pè ní ogun Ukraine ti pọ̀ débi pé àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn ló ń kọ́ ayé bí a ṣe ń dá a mọ̀.

Àwọn tó ń fi géèmù ṣeré ló kọ́kọ́ rí i pé irọ́ ni ti ITV. Àwọn tí a ní wọn kò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ má rántí àlọ́

Ìrántí a máa pa ẹ̀rù. Ní oṣù Kejìlá 1993, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà, Joe Lieberman àti Herb Kohl, pe àwọn oníṣẹ́ géèmù jókòó nítorí géèmù bíi Mortal Kombat àti Night Trap. Ibẹ̀ ni àmì ọjọ́ orí tó wà lára páálí géèmù ti jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. (Ohun rere kan nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n díìsì tí a ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nínú ọ̀rá lásán ló máa ń wà. Níbo ni 18 yóò ti rí ibi jókòó?) Ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ wọ́gi lé òfin California tó ní kí wọ́n má ta géèmù oníjà fún ọmọdé. Adájọ́ Scalia ní ìtàn ọmọdé àtijọ́ náà kún fún ẹ̀jẹ̀: ẹyẹ yọ ojú àwọn arábìnrin Cinderella, Hansel àti Gretel sì ti àjẹ́ sínú iná ààrò.

Bàbá yẹn kò jókòó sídìí ìyá mi àgbà rí. Olúrónbí tó fi ọmọ inú ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò ńkọ́? Ìjàpá tó jí ẹ̀bẹ gbígbóná àna rẹ̀ sínú fìlà, tó dé e mọ́ orí títí orí fi bó? A gbọ́ ọ, a gbe orin, a lọ sùn. Kò sí ẹni tó fi ọmọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ igi ní àdúgbò wa.

Ẹ má sì rántí 2004, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ń sá fún nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ní ẹni tó bá gbé e á kú. Ìlọrin ni mo wà nígbà náà. Ọ̀gá mi gbé fóònù sórí tábìlì, ó jókòó sí ìkángun yàrá, ó ń wò ó bí ejò.

Ẹ má pe àwọn onímọ̀

Wọ́n á kàn da omi sí i ni. Ní 2020, American Psychological Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ní kò sí ẹ̀rí tó tó láti so géèmù mọ́ ìwà ipá. Ohun tí wọ́n rí kò ju ìbínú kéékèèké lọ, bíi kí ènìyàn jágbe tàbí kó ti ẹlòmíràn. Mo rí ìyẹn náà ní Kubwa, ṣùgbọ́n géèmù bọ́ọ̀lù ni, iná ló sì dá a sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn ti ka géèmù tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀ mọ́ sí àìsàn, ó sì wọ ìwé wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Oorun tí ọmọ kò sùn, iṣẹ́ ilé tí kò ṣe, owó oúnjẹ tó di owó páàdì: ìwọ̀nyí ni mo bá ọmọ mi sọ nígbà tí a dé ilé. Kò ṣeé pariwo lórí rédíò.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má ka ìròyìn géèmù tẹ̀ lé ti àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà Kàdúná. Olùgbọ́ lè fi wọ́n wé ara wọn. N kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n bá páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú igbó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ṣeun pè mí sábẹ́ igi máńgòrò ká ta Lúdò, bí a ti máa ń ṣe. Ọmọ ayò mi kan kù díẹ̀ kó wọlé ni wọ́n ju ẹẹ́fà, wọ́n tún ju ẹẹ́rin, wọ́n sì fi ọwọ́ gbá tèmi kúrò lójú pátákó. "Mo pa á! Ìyá rẹ̀ dà? N ó pa ìyá rẹ̀ náà!" Ọmọ ọmọ wọn tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n wò mí lókè dígí ojú wọn.

"Dádì Táyọ̀, ó ti di ènìyàn mélòó tí o fi ránṣẹ́ sí?"