Bí A Ṣe Ń Tú Àlọ́ Oníṣirò Láìjà

Wọ́n ti mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ní Ẹ̀pẹ́, ooru ò sì jẹ́ ká lè jókòó sínú ilé. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà, mo pa àlọ́ ife mẹ́ta fún un, ló bá di ariwo. Àwọn tó ń ti ọjà Olúwo bọ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́ rò pé owó la ń jà lé lórí.

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: bébà, bírò, ife mẹ́ta, dáìsì lúdò kan. Ẹ lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn jù tí ẹ bá rí alátakò.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí àlọ́ náà sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fi kún un. Ọkùnrin kan fẹ́ kó ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu sọdá ọ̀sà. Ọkọ̀ rẹ̀ ò gbà ju òun àti ẹyọ kan nínú wọn. Tó bá kúrò níbẹ̀, ẹkùn á pa ewúrẹ́ jẹ, ewúrẹ́ á jẹ iṣu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń há síbẹ̀ nítorí wọ́n ti fi sọ́kàn pé ẹrù tó bá ti gúnlẹ̀ ò gbọdọ̀ padà mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbé ewúrẹ́ kọjá, ẹ padà lófìfo. Ẹ gbé ẹkùn lọ, ẹ gbé ewúrẹ́ padà bọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gbé iṣu lọ, ẹ padà wá gbé e. Ìrìn 7 nìyẹn. (Àwọn òyìnbó ti ń pa irú àlọ́ yìí láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ìkookò àti kábéèjì ni tiwọn.)

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà yọrí. Kíkà yìí ò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní ojú 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dojú bolẹ̀ tàbí kó ṣí sókè. Ẹ kà á ní 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, títí 2 á fi pé mẹ́jọ, ẹ ó bá 256 níbẹ̀, iye odù Ifá gan-an.

Tí kíkà bá gùn jù, ẹ ka òdì rẹ̀. Èèyàn 4 jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù: kí ni ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, wọ́n bí méjì nínú wọn ní ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀, bí Ajé tàbí Ọjọ́rú? Ẹ kọ́kọ́ wá ìgbà tí kò sí ẹni tó bá ẹlòmíì mu. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 7 tó lè mú, ẹnì kejì 6, ẹnì kẹta 5, ẹnì kẹrin 4. Ó di 840. Gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀ jẹ́ 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7, ìyẹn 2,401. 840 nínú rẹ̀ ò ju ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdá 65 tó kù sì ni ìdáhùn, bí a bá gbà pé ọjọ́ méjèèje dọ́gba. Tó bá jẹ́ déètì nínú ọdún ni, èèyàn 23 péré ti tó kó lè kọjá ìdajì.

Ife mẹ́ta wá ńkọ́? Mo fi púlọ́ọ̀gì àlòkù kan sábẹ́ ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n fi ìka tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú tẹ ife àárín. Èmi tí mo mọ ibi tí púlọ́ọ̀gì wà ṣí ọ̀kan nínú méjì tó kù, òfìfo ni. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó dúró ti ife yín, àbí ẹ ó pààrọ̀?”

“Pààrọ̀ kí ni? Ife méjì ló kù, ìdajì-ìdajì ni!”

Ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà tí Marilyn vos Savant, obìnrin kan tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé, kọ ọ́ nípa irú àlọ́ yìí sínú ìwé ìròyìn Parade ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990 pé pípààrọ̀ ló dáa jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ló wọlé, àwọn onímọ̀ ìṣirò pàápàá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ṣá. Bí púlọ́ọ̀gì bá wà lábẹ́ ife àárín, ẹ̀gbọ́n pàdánù tó bá pààrọ̀. Bó bá wà lábẹ́ ti ọ̀tún, dandan ni kí n ṣí ti òsì, pípààrọ̀ á gbé e débẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ ti òsì, ti ọ̀tún ni màá ṣí, ó tún jẹ. Ìgbà 2 nínú 3. Gbogbo rẹ̀ dá lórí pé mi ò ṣí ife lásán, mo mọ ibi tí nǹkan wà. Ká ní n ò mọ̀, tí mo kàn ṣèèṣì ṣí òfìfo, ìdajì-ìdajì tí ẹ̀gbọ́n ń pariwo á tọ̀nà. Ẹni tó bá pa àlọ́ yìí láìsọ ìyẹn kò pa á dáadáa.

Tí alátakò ò bá ṣì gbà, ẹ fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ fi dáìsì yan ibi tí ẹ máa fi nǹkan pamọ́ sí, 1 àti 2 fún ife kan, 3 àti 4 fún èkejì, 5 àti 6 fún ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ibi tí ọwọ́ yín máa ń yà sí. Ẹ má dúró sí ìgbà márùn-ún o. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n jẹ mẹ́ta láìpààrọ̀, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba. Nígbà tó pé 30, 9 péré ló jẹ. A ṣe 30 míì tó ń pààrọ̀, ó jẹ 21. Ó wo bébà náà títí, kò sọ nǹkan kan.

Ní báyìí, òun ló ń pa àlọ́ náà fún àwọn tó ń dúró de ẹ́ńjìnnì wọn. Ẹni tó bá ti ní ìdajì-ìdajì ni, òun ló máa ra ẹ̀pà.