Ìmọ́lẹ̀ tó wálẹ̀ kọ́ ni DNA tó tú: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú láàbù

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní láàbù, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, bí wọ́n bá ń gbé ooru DNA tí wọ́n po mọ́ aró tó ń tàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dín sí ìdajì, kí wọ́n sì pè é ní Tm (ìwọ̀n ooru tí ìdajì DNA ti tú). Aró SYBR Green I máa ń tan àwọ̀ ewé yòò nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ okùn DNA méjì tó lọ́ mọ́ra. Bí okùn bá tú, ìtànṣán á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru nìkan náà ń pa ìtànṣán aró, kí DNA tó tú rárá. Ìyẹn ló ń mú kí ìlà gíráàfù ìtànṣán àti ooru rọra máa sọ̀kalẹ̀ láti 30°C, kó tó já wálẹ̀ wìì. Ẹ ní kí wọ́n fa ìlà kan tọ apá òkè tó rọra ń sọ̀kalẹ̀, òmíràn tọ ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tó ti já. Ibi tí gíráàfù bá ti dé àárín méjèèjì ni Tm.

Ẹ má fi omi lásán po DNA. Okùn méjèèjì ló ní iná òdì, wọ́n ń ti ara wọn. Iyọ̀ ló ń pẹ̀tù sí i. Láìsí iyọ̀, wọ́n á tètè tú, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé DNA ti bàjẹ́. Tris (èròjà tó ń mú kí pH dúró) 10 mM, pH 8, pẹ̀lú NaCl (iyọ̀) 50 mM dára. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé NaCl nìkan lọ sí 200 mM, kí wọ́n fojú ara wọn rí i bí Tm ṣe ń gòkè.

Aró tó pọ̀ jù máa ń di okùn mú, Tm á wá ga lásán. Láti inú aró 10,000X (èyí tó ki ní ìlọ́po 10,000 ju 1X lọ), ẹ bu 1 µL sínú 99 µL omi Tris yẹn, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: 1X nìyẹn. Inú DMSO (olómi kan tí wọ́n fi ń yọ́ èròjà) ni aró yìí wà, ó ń dì nínú fíríìjì. Ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kí ẹ pò ó dáadáa, kí ẹ fi fọ́ìlì bò ó.

Cuvette (ìgò kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀) tí ojú rẹ̀ méjì rí hàrà-hàrà kò wúlò níbí. Ẹ̀gbẹ́ ni ìtànṣán ń gbà jáde, nítorí náà ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Etí òkè ni kí wọ́n ti mú un.

Ẹ má sáré gbé ooru: 1°C lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì. Bí iná bá lọ ní 60°C, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ padà. Okùn ti ń so pọ̀ bó ṣe ń tutù, omi sì ti gbẹ díẹ̀. Ẹ da á nù, kí ẹ bu òmíràn.