Ẹ má bá “Nobody” sunkún: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títúmọ̀ ewì kúkúrú Emily Dickinson

Ìlà 8 péré ni ewì Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “I'm Nobody! Who are you?”, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì tó 50. Kíkúrú yìí gan-an ló ń ti akẹ́kọ̀ọ́ sí kòtò. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rí “Nobody”, wọ́n á ní obìnrin tí ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n á wá fi “gbogbo ènìyàn ló dọ́gba” kádìí àlàyé. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì nínú ewì náà.

Àánú ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Ẹ wo àmì ìyanu tó tẹ̀lé “Nobody” ní ìlà kìíní. Ẹni tó ń sunkún kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ òde àríyá ni, tó wá ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ìlà karùn-ún ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: jíjẹ́ “Somebody” ni ó ní ó ń súni. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ẹni tí kò ka ara rẹ̀ sí ni ewì yìí ń sọ, ìlà 4 ló kà, ó fi 4 tó kù sílẹ̀.

Ti àwa tí a ń gbé e wá sínú Yorùbá tún le sí i. Bí ẹ bá pè é ní “èmi kì í ṣe ènìyàn”, ẹ ti bà á jẹ́, nítorí ìkà paraku là ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ewì tó ń wá ẹlẹgbẹ́ á di ewì tó ń dẹ́rù bani. Èébú ni “aláìníláárí”. “Mẹ̀kúnnù” ń gbé ọ̀rọ̀ owó wọlé, owó kò sì sí níbẹ̀. “Èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni” ló sún mọ́ ọn jù, torí òkìkí ló sẹ́, kò sẹ́ ènìyàn. Ní ti “Somebody”, gbajúmọ̀ tó o: ẹni tí igba ojú mọ̀. Ohun tí ewì náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kúkú nìyẹn.

Ẹ má sì fi “ẹ̀yin” túmọ̀ “you”. Bí ọ̀wọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì kò jókòó lórí ẹní kan náà mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, “ẹ̀yin” lè jẹ́ èrò rẹpẹtẹ, ẹni méjì péré sì ni ìlà kẹta kà. “Ta ni ìwọ? Ṣé ìwọ náà kì í ṣe ẹnikẹ́ni?” Ẹ má yọ “náà” yẹn. Kékeré ni lójú, òun ló sì gbé ìbátan àárín wọn dúró.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni “I” yọjú, ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. “You” yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìlà 4 àkọ́kọ́. Nígbà tó máa fi di ìlà kẹta, “us” ti gba ipò “I”. Ìlà kẹrin sì mú “they” wọlé. Nínú ìlà 4 tó gbẹ̀yìn, ẹ ò ní rí “I” tàbí “us” mọ́. Ìbéèrè tó bi ẹlòmíràn ni ẹni yìí fi mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ìdí nìyí tí “ọ̀kan ni gbogbo ayé” kò fi bá a mu: ìrẹ́pọ̀ inú ewì yìí ní ògiri. Ẹni méjì wà nínú, “they” wà níta, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ní kí ẹnì kejì má sọ fún wọn (“don't tell”). Àmọ́ “you” lè bá ẹnikẹ́ni tó ń kà á wí, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ ti wọlé. Lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni ewì náà ń gba ènìyàn wọlé, kì í gbà wọ́n lágbo.

Kí ẹ tó fa ọ̀rọ̀ yọ, ẹ wo ọdún ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Nínú ẹ̀dà 1891, èyí tí Mabel Loomis Todd àti Thomas Wentworth Higginson tún ṣe, “they'd banish us” ló wà ní ìlà kẹrin: wọ́n á lé wa jáde. Nínú ẹ̀dà Thomas H. Johnson ti 1955, “they'd advertise” ni: wọ́n á polówó wa. Àwọn méjèèjì wà nínú ohun tí Dickinson fọwọ́ kọ. Wọ́n jìnnà síra púpọ̀. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú ṣì jẹ́ “Nobody”. Ẹni tí wọ́n polówó ti di “Somebody” tipátipá. “Advertise” ló dùn mọ́ wa jù, torí ó bá ìsàlẹ̀ ewì náà lọ, níbi tí ó ti fi “Somebody” wé àkèré tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ fún àbàtà. Ní ìlà keje, “day” ni ti 1891, “June” ni ti 1955. Ẹ má po ẹ̀dà méjì pọ̀ nínú àlàyé kan.

Àkèré ọ̀hún náà, ẹ má kàn kọ ọ́ pé “ó ń pariwo”. Akọ ló ń ké láti fi pe abo, igbe kan náà ṣáá. Ẹ wá wo ẹni tó ń ké sí: àbàtà tó ń yìn ín, tí kò lè bi í ní nǹkan kan. “Nobody” bi ìbéèrè méjì, kò dárúkọ ara rẹ̀ rárá. Àkèré kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, orúkọ ara rẹ̀ ló ń pè.

Ìtàn ìgbésí ayé akéwì kò yẹ kó ju gbólóhùn kan lọ. Òótọ́ ni pé Amherst, ní Massachusetts, ni wọ́n bí i sí ní 1830, pé nínú ewì rẹ̀ tó sún mọ́ 1,800, èyí tí wọ́n tẹ̀ kó tó kú ní 1886 kò pé 12. Kò sọ pé òun ni “I”.

Bí ẹ bá ti kọ “Ewì yìí kọ́ wa pé gbogbo wa dọ́gba”, ẹ fagi lé e. Ẹ kọ irú èyí: “Ìbéèrè ìlà kejì ló sọ ‘I’ di ‘us’ ní ìlà kẹta, ṣùgbọ́n ‘don't tell’ fi hàn pé ẹni méjì yìí kò fọkàn tán àwọn tó kù.”