Bí ẹ ṣe máa la ìjì hurricane já nínú ilé ní Houston, pàápàá tí iná bá lọ tí kò tètè dé

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, Katy, Alief, Missouri City àti gbogbo agbègbè yẹn, àsìkò ìjì tún ti dé o. June 1 sí November 30 ni wọ́n ń kà sí àsìkò hurricane lórí òkun Atlantic, oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń gbóná jù, ṣùgbọ́n ìjì kì í bá èèyàn ṣàdéhùn, July 8 ni ìjì tí wọ́n pè ní Beryl wọlé wá bá wa lọ́dún 2024. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ, pé ṣé torí iná ni kí ẹni tí NEPA tọ́ dàgbà máa wá gbọ̀n. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí NEPA ti ń mú iná lọ yẹn, fèrèsé ẹ̀ ń ṣí, atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá, kànga wà lẹ́yìnkùlé, sítóòfù kẹrosíìnì wà ní kọ̀rọ̀. Ilé tibí, torí éésì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, tí iná bá lọ lóṣù keje inú ilé á gbóná bíi ààrò. Beryl yẹn, Category 1 péré ni, ìyẹn tó kéré jù, síbẹ̀ ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lókùnkùn, àwọn kan lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó rí iná, ooru sì pa àwọn èèyàn mọ́nú ilé. Torí náà ọgbọ́n NEPA wúlò, àmọ́ kò tó, ibòmíì wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa kó bá yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé yín tiẹ̀ ṣeé dúró sí. Omi là ń sá fún, afẹ́fẹ́ là ń fara pamọ́ fún. Tí ẹ bá ń gbé Galveston tàbí ibi tó sún mọ́ etí omi, tí zip code yín wà lára àwọn tí ìjọba ní kó jáde, ẹ jáde, ẹ má bá wọn jiyàn. Mobile home náà kì í ṣe ibi téèyàn ń jókòó sí de ìjì. Ṣùgbọ́n tí ilé yín jìnnà sókun, tí omi kì í wọ̀ ọ́, tí wọn ò ní kí ẹ jáde, ẹ jókòó síbẹ̀ jàre. Lọ́dún 2005 tí Rita ń bọ̀, gbogbo ìlú ló já sọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò ò lọ, epo tán, ooru mú, àwọn tó kú nínú ìrìn àjò yẹn pọ̀ ju àwọn tí ìjì fúnra ẹ̀ pa lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí Category tí wọ́n ń pè lórí tẹlifíṣọ̀n tàn yín jẹ, eré afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ, kò sọ nǹkankan nípa òjò. Harvey lọ́dún 2017, nígbà tó fi máa dé Houston afẹ́fẹ́ ẹ̀ ti rọlẹ̀, òjò ló fi bá wa jà, ní ìlú Nederland ní Texas níbí ó lé ní ínṣì 60.

Tí wọ́n bá ti kéde Hurricane Watch, ó ṣeé ṣe kó dé láàárín wákàtí 48. Warning ní tiẹ̀, wọ́n ń retí ẹ̀ láàárín wákàtí 36. Ẹni tó bá dúró de Warning kó tó lọ ra omi, sẹ́ẹ̀fù òfìfo ló máa bá. Ẹ rọ epo kún mọ́tò ṣáájú torí ẹ̀rọ tó ń fa epo ní filling station náà iná ló ń lò, kí ẹ sì ní kéèṣì díẹ̀ lọ́wọ́, ẹyọ wẹ́wẹ́ ni o, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ṣéńjì ẹ̀.

Omi mímu, gálọ̀nù kan fún ẹnì kan lójọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta ló kéré jù, ọ̀sẹ̀ méjì ló dáa. Ẹ fọ bathtub dáadáa kí ẹ pọn omi kún un, ìyẹn kì í ṣe fún mímu, fún fífi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ bá dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà ó lọ. Tí ẹ bá sì ní ọmọ kékeré nílé ẹ ti ilẹ̀kùn báfù yẹn pa. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa se omi tápù kí ẹ tó mu ún, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tí ò bá sí ohun tí ẹ lè fi sè é, bleach tí kò lóòórùn ìpara, ẹ wo ara ìgò ẹ̀, tó bá jẹ́ 6% ẹ kán an lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí gálọ̀nù omi tó mọ́, tó bá jẹ́ 8.25% ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi àgbàrá tó ru epo mọ́tò àti kẹ́míkà ò ṣeé fi bleach tún ṣe o.

Ó kan fírísà. Mo mọ fírísà ilé Yorùbá, ẹran ewúrẹ́, ṣàkì, pánla, ata tí wọ́n ti lọ̀ sínú ike ice cream, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí màmá fi ránṣẹ́. Owó ńlá ló wà níbẹ̀. Tí fírísà bá kún dáadáa tí ẹ ò ṣí i, ó lè dì fún wákàtí 48, tó bá jẹ́ ìlàjì ló kún, wákàtí 24. Firíìjì lásán, wákàtí mẹ́rin. Torí náà kí ìjì tó dé, ibi tó bá ṣófo nínú fírísà ẹ rọ omi sínú ìgò kí ẹ kì í bọ̀ ọ́, á di yìnyín, á tún di omi mímu tó bá yá. Ẹ wá fi kọ́ọ̀pù omi kékeré kan síbẹ̀, tó bá ti dì ẹ gbé owó ẹyọ lé e lórí. Tí ẹ bá padà dé tí ẹ rí i pé ẹyọ yẹn ti rì sí ìdí kọ́ọ̀pù, fírísà yẹn ti yọ́, ì báà tún ti dì padà, ẹ kó ẹran yẹn dànù. Ẹ má tọ́ ọ wò láti fi mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, ẹ má sì sọ pé iná á pa kòkòrò inú ẹ̀, májèlé tí àwọn kòkòrò kan ti tu síbẹ̀, iná ò lè bà á jẹ́. Ó dùn mí láti sọ ọ́.

Tó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò nílò fírísà, àwa la mọ̀ ọ́n jù. Gààrí, kúlíkúlì, mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, sádìnì, búrẹ́dì, ẹ̀pà. Àwọn aládùúgbò á máa jẹ ẹ̀wà inú agolo tútù, ẹ̀yin á máa mu gààrí. Ẹ rántí agolo tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí, àbí kí ẹ ní ohun ìṣígolo tí kì í lo iná. Gáàsì kùkà tí iná ń tàn, ẹ lè fi ìṣáná tàn án tó bá jẹ́ onígáàsì, ṣùgbọ́n chárkóòlù àti camp stove, ìta ni ibi tiwọn, inú gáréèjì kì í ṣe ìta.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ nǹkan yìí. Nílé, bákónì ni wọ́n ń gbé I better pass sí, tàbí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ariwo ẹ̀ nìkan ló ń dàmú wa. Èéfín ẹ̀ lẹ jẹ́ ká sọ. Carbon monoxide kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ń fà á símú. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ yín, èébì á máa gbé yín, ara á máa rẹ̀ yín, ẹ̀ẹ́ ní ooru ni, ẹ̀ẹ́ lọ sùn, ibẹ̀ ló parí sí. Tí iná bá lọ pẹ́ ní Texas, ó máa ń pa èèyàn. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ló kéré jù láti ara ilé, kí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde kọjú sí ìta, kò gbọdọ̀ kọjú sí fèrèsé yín tàbí ti aládùúgbò. Kò sí pé mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀. Kò sí pé òjò ń rọ̀ mo gbé e wọlé díẹ̀. Tó bá jẹ́ olè lẹ ń bẹ̀rù, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ igi, kọ́kọ́rọ́ ò wọ́n. Kí ẹ sì ra alarm carbon monoxide oníbátìrì, ẹ fi ọ̀kan sẹ́bàá yàrá ibi tí ẹ ń sùn. Tó bá dún, ẹ má wádìí, ẹ kó ara yín jáde kí ẹ tó pe 911.

Wáyà ẹlẹ́nu méjì yẹn ńkọ́, èyí tí ẹlẹ́tíríṣàn máa ń ṣe fún yín nílé, tí ẹ máa ki ẹnu kan bọ jẹnẹrétọ̀, ẹnu kejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbàgbé ẹ̀. Iná yẹn á jáde padà sára wáyà òpópónà, transformer á tún sọ ọ́ di ńlá, òṣìṣẹ́ tó gun òpó láti wá tún iná yín ṣe ló máa gbá. Ẹnu wáyà tí kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní iná lára, ọmọ á fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ gbé gbogbo ilé, ẹlẹ́tíríṣàn tó ní láísẹ́ǹsì ló máa fi transfer switch tàbí interlock sí i, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ jáde sára wáyà òpópónà. Tí kò bá sí ìyẹn, extension tó nípọn tààrà lọ sí fírísà àti fáànù, ó tó. Ẹ pa á kó tutù kí ẹ tó rọ epo sí i.

Ooru. Fáànù dáa, àmọ́ tí inú ilé bá ti gbóná jù, bíi 95 Fahrenheit lọ sókè, ooru lásán ló ń fẹ́ sí yín lára. Táwẹ́lì tútù sọ́rùn, omi mímu kódà tí òùngbẹ ò gbẹ yín, ẹ sùn sí ìsàlẹ̀ tó bá jẹ́ ilé alájà. Tí cooling center, ìyẹn ibi tí éésì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣí fún gbogbo èèyàn, bá ṣí ládùúgbò, ẹ gbé màmá àti bàbá àgbàlagbà lọ síbẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn tí wọ́n bá ní ara àwọn gbà á. Tí ẹni náà bá ń sọ ìsọkúsọ, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, 911 ni. Ẹni tó ń lo insulin, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ lè wà níta firíìjì fún ọjọ́ 28 tí ooru ò bá ju 86 Fahrenheit lọ, tí ooru bá ju ìyẹn lọ ẹ gbé e sínú kúlà ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fara kan yìnyín. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá a mí, kí ẹ ti pe 211 ṣáájú àsìkò láti forúkọ ẹ̀ sí STEAR, ìyẹn ìwé orúkọ tí ìjọba Texas ní fún àwọn tó máa nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà pàjáwìrì.

Alẹ́ ọjọ́ ìjì, ẹ kó sí yàrá àárín ilé tí kò ní fèrèsé, báfù tàbí clóṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ bàtà sùn torí gíláàsì. Tépù tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé, kò wúlò. Tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́ lójijì, ẹ má jáde lọ ya fídíò, àárín ìjì ló ń kọjá lórí yín, apá kejì ń bọ̀, òdìkejì lafẹ́fẹ́ ẹ̀ á sì ti máa fẹ́. Tí omi bá ń wọlé tó ń gun yín bọ̀, ẹ má sá sínú àjà tí kò ní ojú ọ̀nà àbájáde, àwọn tó sá síbẹ̀ há mọ́bẹ̀, orí òrùlé ni kí ẹ lọ.

Tó bá ti kọjá, ẹ má wa mọ́tò wọ omi, ẹsẹ̀ bàtà kan omi tó ń ṣàn lè gbé mọ́tò kékeré lọ. Wáyà tó bá wà nílẹ̀, ẹ kà á sí pé iná wà lára ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan tó bàjẹ́ kí ẹ tó kó o dànù, tó fi mọ́ ẹran inú fírísà. Homeowners insurance kì í san owó omíyalé o, flood ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ta sì máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà òní lẹ máa pè wọ́n, kì í ṣe ọjọ́ tí ìjì bá ti wọ Gulf. Tí ẹnì kan bá wá kanlẹ̀kùn pé òun máa tún òrùlé yín ṣe, pé kí ẹ san gbogbo owó sílẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ tilẹ̀kùn.