Eré Ọmọdé Létí Odò: Ọkọ̀ Ọ̀gọ̀rọ̀, Ayò Ilẹ̀, Òkòtó àti Ìjàkadì

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà eré létí odò. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, omi Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yán máa ń fà. Yanrìn á yọ síta, amọ̀ bèbè á wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó o, imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ (igi ráfíà) gbígbẹ á sì ti kún inú àbàtà. Ohun tí àwọn ọmọ abúlé ayé àtijọ́ fi ń ṣeré kò ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní náwó rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó tutù àti ohun tó yẹ kó gbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀

Wá imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ tó ti gbẹ tán, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Èyí tó bá ṣì tutù wúwo, bó bá sì gbẹ lẹ́yìn tí o ti gbẹ́ ẹ tán, á súnkì, á sì lọ́. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bó èèpo líle ara rẹ̀, ṣùgbọ́n má dà á nù, torí òun la ó fi ṣe ìṣó. Ohun funfun tó kù ni ara ọkọ̀. Ọ̀bẹ tó kú kì í gé e, ńṣe ló ń fà á ya. Pọ́n ọ̀bẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Bí o bá fẹ́ ọkọ̀ tó fẹ̀, so ọ̀pá méjì pọ̀. Là èèpo yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, gé e ní sẹ̀ǹtímítà 6, kí o gbẹ́ orí àti ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Ki ìdajì rẹ̀ bọ ara ọ̀pá kìíní, kí o wá tẹ ọ̀pá kejì mọ́ ìdajì tó yọ síta. Ìṣó mẹ́ta ti tó: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn. Èyí tó bá nípọn ju igi ìṣáná lọ á la ọ̀gọ̀rọ̀ náà ni. Lẹ́yìn èyí, gbẹ́ iwájú ọkọ̀ ṣóńṣó, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. A kì í gbẹ́ inú rẹ̀ bí àwọn apẹja ṣe ń gbẹ́ inú ọkọ̀ tiwọn, nítorí ọ̀gọ̀rọ̀ ń léfòó fúnra rẹ̀.

Ó tilẹ̀ ń léfòó jù. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ọmọdé fi máa ń dojú dé bí atẹ́gùn bá kàn fẹ́ lù ú. Ẹrù ló fẹ́ nísàlẹ̀. Fi ìko de òkúta pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdí rẹ̀, gbé e sínú agbada omi, kí o sì máa pààrọ̀ òkúta títí ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ yóò fi wọ omi. Má fi amọ̀ dípò òkúta. Kò ní pẹ́ yọ́ dànù. Ewé gbòdògì kan tó fún ìgbòkun, èèpo ọ̀gọ̀rọ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 ni òpó rẹ̀. Gún ewé náà lókè àti nísàlẹ̀, kí o fi òpó kọ́ ọ, kí o wá ri òpó sí ìdá kan nínú mẹ́ta láti iwájú. Bí o bá rì í sẹ́yìn, ọkọ̀ á kàn máa yí po lójú kan ni. Tí odò bá ń ṣàn kíkan, so okùn mọ́ ọn, kí ọmọ má baà tẹ̀ lé e wọ ibú.

Ayò ilẹ̀

Àwọn àgbà ló ni ọpọ́n. Ilẹ̀ lọpọ́n ọmọdé. Yanrìn tó dára ni èyí tó ń ṣù lọ́wọ́ láìro omi. Ti ẹsẹ̀ omi gan-an ń ya lulẹ̀, tòkè tó ti gbẹ ń ṣàn padà sínú ihò. Gbẹ́ ihò 12, tí à ń pè ní ilé, ní ìlà méjì, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Kí ẹnu kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kó jìn tó 5, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rí rogodo bí inú igbá. Fi àyè ìka mẹ́ta sáàárín ilé kan sí èkejì. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tó ń kó ọmọ ayò (hóró tí a fi ń ta á) á wó ògiri, ọmọ á bọ́ sílé ẹlòmíì, ìjà dé nìyẹn. Tí o bá fẹ́ kó pẹ́, fi amọ̀ tí a ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò rẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, kí o fi ewé bò ó di ọjọ́ kejì. Amọ̀ tí oòrùn bá pa lójijì á sán.

Ọmọ 48 ni a ń kó sí i, mẹ́rin mẹ́rin nílé kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọmọ ayò, ṣa òkúta róbótó tí ìtóbi wọn dọ́gba. Òkúta ńlá láàárín kékeré ń tan ojú jẹ: ilé tó ní mẹ́ta á dà bí ẹni pé ó ní márùn-ún.

Àwọn méjì jókòó kojú ara wọn. Ìlà tó sún mọ́ oníkálùkù ni tirẹ̀. Ẹni tó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, yóò sì máa ta á lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò gba ìlà ẹnì kejì yí padà. Bí ọmọ ilé náà bá pé 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fo ilé tó ti kó o nígbà tó bá yí débẹ̀. Ilé tí ọmọ ti pọ̀ jọ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní odù, ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, sì mọ ìgbà tó yẹ kó tú u. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sílé ẹnì kejì, tó sì mú kí ilé náà pé méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́. Kó tún wo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà kan náà: bí òun náà bá pé méjì tàbí mẹ́ta, kó jẹ ẹ́, títí yóò fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ. Ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kàn níwájú, ní ìlà ẹnì kejì, ní ọ̀kan, méjì, ọ̀kan. Ta mẹ́ta yẹn: wọ́n di méjì, mẹ́ta, méjì. O jẹ méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ilé tó ní ọ̀kan tàbí méjì fi léwu, pàápàá bí wọ́n bá tò tẹ̀ léra. Ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò tíì mọ ayò ta, máa ń wo kìkì ohun tí òun fẹ́ jẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Bí ọmọ bá tán pátápátá nílé ẹnì kejì, dandan ni kí o ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí o bá ní in. Bí kò bá ṣeé ṣe, eré parí, ìwọ ló ni ohun tó kù níwájú rẹ. Ẹni tó bá ti jẹ 25 ti borí. 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Òkòtó

Orí ṣóńṣó ìkarahun ìgbín là ń fi ṣe òkòtó, ohun tí ọmọdé ń ta kó máa yí. Fàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 láti ṣóńṣó, kí o fi ayùn irin rẹ́ ẹ yíká. Má fi òkúta lù ú, kò ní fọ́ síbi tí o fẹ́. Yọ ohun tó lọ́ sí àárín rẹ̀, kí o wá máa lọ ẹnu rẹ̀ lórí òkúta tútù títí yóò fi jókòó láìmì. Bí ẹnu bá gun lápá kan, òkòtó á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kò sì ní pẹ́ ṣubú.

Fi àtàǹpàkò àti ìka àárín mú un, ẹnu sókè, kí o ta á lórí ilẹ̀ líle tó jọ̀lọ̀. Kì í yí lórí yanrìn. Bó bá ń yí lọ́wọ́, ẹni tó ta á á gbá a lẹ́ẹ̀kan kó lè dojú dé, ṣóńṣó sókè. Bó bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á na ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi òkòtó lù ú. Ẹ jọ fẹnu kò sí iye ìgbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ó ń dunni.

Ìjàkadì

Tú yanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí o ṣa ìkarahun àti igi kúrò níbẹ̀, kí o sì fa òbìrí tó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ ọmọdé mẹ́wàá. Kí o fi àwọn tí ara wọn tóra kojú ara wọn, má wo ọjọ́ orí nìkan. Èṣẹ́ kò sí níbẹ̀, kò sí ìgbájú, kò sí fífún ọrùn. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ló ṣubú. Orúnkún tàbí ọwọ́ nìkan kò tó.